Kòkòrò Ẹṣin Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ẹni Tí Kò Sún Mọ́ Ẹṣin Rí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àbúrò mi ọkùnrin ni mo ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ẹni ọdún 34 ni, ó sì ti pé ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ní HIV. Ó lo oògùn rẹ̀ dáadáa títí di ọdún tó kọjá, nígbà tó dá a dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ikọ́ àti ibà ti ń bá a fínra, ó sì ti rù kan egungun. Wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú òtútù àyà; ara rẹ̀ fúyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ibà náà tún padà. Wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, ó lo oògùn ìyẹn náà, ó dà bíi pé ó fẹ́ sàn díẹ̀, kò sì sàn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, láàbù ní kòkòrò tó hù níbẹ̀ kò ju èyí tó ń gbé lára awọ lásán lọ. Ìgbà tí wọ́n fa òmíràn ni wọ́n tó sọ pé Rhodococcus equi ni, pé ara ẹṣin ni wọ́n ti sábà máa ń rí i. CD4 rẹ̀, ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì tó ń darí ìjà ara pẹ̀lú àrùn, jẹ́ 38. Dókítà rẹ̀ ní oògùn oríṣi mẹ́ta ni yóò lò fún oṣù mẹ́fà. Àbúrò mi kò fọwọ́ kan ẹṣin rí láyé rẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ṣe àṣìṣe? Kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí kí wọ́n tó rí i? Ṣé ó lè ran èmi àti àwọn ọmọ mi tí a jọ ń gbé, ṣé ó sì máa lọ pátápátá?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Mo bá yín kẹ́dùn wàhálà oṣù mẹ́ta yìí, mo sì gbà á ládùúrà pé ara àbúrò yín yóò yá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àṣìṣe kúrò nílẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ sọ, n kò rí ìdí kankan láti rò pé láàbù ṣìnà lẹ́ẹ̀kejì yìí. Ikọ́ tí kò gbọ́ oògùn òtútù àyà, tí kò gbọ́ ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, nínú ẹni tí CD4 rẹ̀ jẹ́ 38, tí kòkòrò yìí sì wá hù láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Bí àṣìṣe kan bá wà, ti àkọ́kọ́ ni, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sì ti ṣojú mi rí. Màá padà sórí rẹ̀ láìpẹ́, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín kejì wà.

Orúkọ kòkòrò yìí ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn rú. Ọ̀rọ̀ Látìn ni equi, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni «ti ẹṣin», nítorí pé ara ọmọ ẹṣin tí òtútù àyà ń bá jà ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Magnusson ti kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ Sweden ní ọdún 1923. Ó ju ogójì ọdún lọ lẹ́yìn náà, ní 1967, kí àwọn oníṣègùn tó kọ̀wé nípa ènìyàn àkọ́kọ́ tó kó o, oògùn tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù sì ni ẹni náà ń lò. Ṣùgbọ́n ẹṣin kọ́ ni ilé rẹ̀ gan-an. Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ìgbẹ́ àwọn ẹran tó ń jẹ koríko, ìbáà ṣe ẹṣin, màlúù, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn, ló ń mú kó pọ̀ sí i nínú ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì gbẹ, afẹ́fẹ́ á gbé e pẹ̀lú eruku, ènìyàn á fà á símú láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti kó o ni kò rántí ẹran kankan tí wọ́n sún mọ́. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú láti wá ibi tí àbúrò yín ti pàdé rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí èmi àti ẹ̀yin náà ti fa irú eruku bẹ́ẹ̀ símú lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa àti àbúrò yín ló yẹ ká sọ. Nínú ẹ̀dọ̀fóró olúkúlùkù ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gbé kòkòrò mì. Bí eruku bá gbé kòkòrò wọlé, wọn á rọ̀gbà yí i ká, wọn á gbé e mì, wọn á sì lọ̀ ọ́ kúnná. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kòkòrò ń kú sí. Rhodococcus kì í tètè kú bẹ́ẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá gbé e mì tán, ńṣe ló máa ń fìdí kalẹ̀ sínú rẹ̀, á máa bí sí i níbẹ̀ títí sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ yóò fi kú. Kí sẹ́ẹ̀lì tó lè borí irú àlejò bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ CD4, tí í ṣe balógun àwọn ọmọ-ogun ara. Àṣẹ yẹn ló ń fún un ní agbára tó fi ń pa ohun tó gbé mì. CD4 ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń wà láàárín 500 sí 1,500 nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Bó bá ti já wálẹ̀ ju 200 lọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ẹni náà sí ẹni tí àrùn HIV ti wọ̀ lára gan-an. Ti àbúrò yín jẹ́ 38. Àwọn sẹ́ẹ̀lì agbékòkòròmì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí balógun tí yóò pàṣẹ fún wọn mọ́.

HIV kò sì mọ sórí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti wọ ara ló ti ń pa CD4 tó wà lára ìfun ní ìpakúpa, odi tó ya ohun inú ìfun sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀ á sì máa jò. Ó tún ń da iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè èròjà agbógunti àrùn rú. Ìdí nìyẹn tí pneumococcus, kòkòrò òtútù àyà tí gbogbo dókítà mọ̀, fi lè wọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV kódà nígbà tí CD4 rẹ̀ kò tíì já wálẹ̀ púpọ̀.

Mo mẹ́nu ba pneumococcus nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹ bínú sí àwọn tó kọ́kọ́ tọ́jú àbúrò yín ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹni tó ní HIV bá ní kòkòrò bakitéríà nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí a ti mọ̀ tipẹ́ ló sábà máa ń jẹ́: pneumococcus, Salmonella tí kì í ṣe ti táífọ́ọ̀dù, E. coli, Staphylococcus aureus, tàbí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ fúnra rẹ̀, tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí CD4 wọn ti lọ sílẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Salmonella yìí burú débi pé nígbà tí CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tún àkọsílẹ̀ àwọn àmì éèdì ṣe ní 1987, wọ́n fi èyí tó bá ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ léraléra kún un. Nínú ẹni tí ara rẹ̀ le, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ mélòó kan ni Salmonella ń fà. Nínú ẹni tí CD4 rẹ̀ ti tán, ó lè wọ ẹ̀jẹ̀ láìsí ìgbẹ́ gbuuru rárá, kó jẹ́ ibà nìkan ni ẹ máa rí. Nítorí náà, dókítà tó bẹ̀rẹ̀ láti orí òtútù àyà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ. Ohun tó dùn mí nínú ìtàn yín ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ibà padà: ó yẹ kí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ nígbà náà, kí wọ́n tó gbé oògùn mìíràn lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àyẹ̀wò ọ̀hún, torí pé bí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ bá mọ̀ ọ́n, wọ́n lè béèrè fún un, wọ́n sì lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é dáadáa. Blood culture ni àwa oníṣègùn ń pè é. Kì í ṣe pé wọ́n máa ń fi ẹ̀jẹ̀ sábẹ́ maikirosíkóòpù kí wọ́n lè rí kòkòrò níbẹ̀. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú àgbàlagbà, ẹyọ kan ṣoṣo lè má sí nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan, síbẹ̀ kí aláìsàn náà máa gbọ̀n rìrì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ń fa ẹ̀jẹ̀ tó tó 8 sí 10 mílílítà sínú ìgò kọ̀ọ̀kan tí omi oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, a óò gbé ìgò náà síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a óò sì dúró kí kòkòrò bí sí i. Ìgò méjì ló ń para pọ̀ di ìdì kan, ó kéré tán ìdì méjì ló yẹ kí a fà, ká fa ọ̀kan láti apá ọ̀tún, ká fa èkejì láti apá òsì. Ẹni tó bá fa mílílítà méjì péré sínú ìgò kan ṣoṣo lè sọ pé òun ti ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n àwọ̀n tó jù sómi kéré jù láti kó ẹja.

Ìdí tí a fi ń fà á lápá méjì ni awọ ara. Kòkòrò ń gbé lára awọ gbogbo wa, abẹ́rẹ́ sì lè kó o wọnú ìgò bó ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi oògùn nu ojú ibi tí wọ́n máa gún, tí wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gún un. Ìgbà tó ń gbẹ lọ ló ń pa kòkòrò, ẹni tó bá ń kánjú tó fi òwú nù ún tó sì gún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí kòkòrò kan náà bá wá hù nínú ìgò apá ọ̀tún àti ti òsì, ó ṣòro kó jẹ́ ti awọ. Bó bá hù nínú ìgò kan ṣoṣo, láàbù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ó dá mi lójú pé ibi iyèméjì yìí ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ti àbúrò yín ti dojú rú.

Ó ní ohun tó fà á. Bí wọ́n bá fi aró kun Rhodococcus tí wọ́n sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, igi kúkúrú kúkúrú àti róbótó róbótó ni wọ́n máa rí, ó sì jọ ìdílé kòkòrò kan tó wọ́pọ̀ lára awọ gan-an ni. Ẹni tí kò mọ̀ pé HIV wà nídìí ọ̀rọ̀ á rò pé òun ti mọ ohun tí òun ń wò, á kọ «kòkòrò awọ» sínú ìwé, á sì da àwo tí wọ́n ti ń jẹ́ kí kòkòrò inú ìgò náà hù nù. Mo rántí ọjọ́ kan tí obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ láàbù níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà pè mí pé kí n wá wo nǹkan kan. Wọ́n ti fẹ́ da àwo náà nù ní ọjọ́ kejì, nítorí pé kòkòrò orí rẹ̀ funfun ṣá, kò sì yàtọ̀ sí ti awọ. Òun ló ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀, torí pé ó rí i lórí ìwé pé aláìsàn náà ní ihò nínú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, ó ṣí ọmọrí àwo náà díẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ iná: àwọn kókó orí rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú bí ẹran inú ẹja salmon, wọ́n ń yọ̀ bí ikun, wọ́n sì ti ṣàn mọ́ra wọn débi pé èèyàn kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Àwọ̀ yẹn kì í yọ lọ́jọ́ kìíní. Bó bá jẹ́ pé wọ́n da àwo náà nù lọ́jọ́ kejì, aláìsàn wa ì bá ti kú pẹ̀lú ìwé «kò sí nǹkan kan» lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ọ́ gàdàgbà sórí gbogbo ìwé àyẹ̀wò tí mo bá fi ránṣẹ́: HIV, iye CD4, ohun tí mo ń fura sí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, kò sì gba ìṣẹ́jú kan.

Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ní ìdí. Rhodococcus máa ń gbẹ́ ihò sínú ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá lápá òkè, bí ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe ń ṣe. Ó ń fa ikọ́, òógùn òru, ibà àti ìrù bákan náà. Bí wọ́n bá sì fi aró ikọ́ ẹ̀gbẹ kun ikẹ̀lẹ̀bẹ̀, ó lè gba díẹ̀ nínú aró pupa ọ̀hún mọ́ra. Ojú tó máa rí èyí tí kò ní pè é ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣọ̀wọ́n. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún dókítà yín lọ́jọ́ tí ẹ bá tún lọ. Rifampicin, tó jẹ́ ọ̀kan lára oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, máa ń pa Rhodococcus, àwọn yòókù inú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló fà á tó fi dà bíi pé àbúrò yín fẹ́ sàn. Ṣùgbọ́n bí oògùn kan ṣoṣo bá ń bá kòkòrò yìí jà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòkòrò náà lè kọ́ bí yóò ṣe máa yè é. Ẹ bi wọ́n bóyá láàbù ti dán rifampicin wò lórí kòkòrò tó hù lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n tó gbára lé e nínú oògùn mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ fún un. Ìbéèrè ọmọlúàbí ni, dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i.

Rhodococcus kò dá nìkan wà. Àwọn bakitéríà mìíràn wà tí wọn kì í sábà dé inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, àfi bí CD4 bá ti lọ, ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà fara pamọ́ sì yàtọ̀. Bartonella jẹ́ ọ̀kan. Oríṣi rẹ̀ kan ń gbé lára ológbò, kòkòrò afòfẹ̀rẹ̀ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ológbò ló sì ń gbé e kiri. Iná ara tó ń sá pamọ́ sínú ojú rírán aṣọ ló ń gbé oríṣi kejì, èyí tó dá ibà sílẹ̀ láàárín àwọn sójà inú kòtò nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Nínú ẹni tó ní HIV, ó lè mú kí kókó pupa bí ẹ̀jẹ̀ dídì yọ lára awọ, tó jọ jẹjẹrẹ Kaposi tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Kókó kan gbọ́dọ̀ di gígé lọ sí láàbù. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé oògùn lásán, doxycycline tàbí erythromycin fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, ń wo ó sàn, nígbà tí aláìsàn á ti máa ronú ikú nítorí jẹjẹrẹ tí kò ní.

Helicobacter cinaedi jẹ́ ìbátan kòkòrò tó ń fa ọgbẹ́ inú. Tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tó lọ́ ni, aró lásán kì í fẹ́ mú un, ó sì máa ń pẹ́ nínú ìgò kó tó hù. Ọ̀pọ̀ láàbù ló ń da ìgò nù lẹ́yìn ọjọ́ 5, òun sì lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jí nígbà náà. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń pọ́n tó ń gbóná níbi púpọ̀ láìsí egbò, ló yẹ kó mú dókítà sọ fún láàbù pé kí wọ́n fi ìgò náà sílẹ̀ kó pẹ́ sí i.

Ẹ̀yà Mycobacterium kan tó ń jẹ́ avium, tó jẹ́ ìbátan ikọ́ ẹ̀gbẹ, kì í sábà ráyè àfi bí CD4 bá ti wá sílẹ̀ ju 50 lọ, nítorí náà ó kan àbúrò yín. Kì í hù nínú ìgò tí à ń lò lójoojúmọ́ bó ṣe yẹ; ó ní ìgò tirẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ibà rẹ̀ kò bá lọ lẹ́yìn tí oògùn Rhodococcus ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dínkù tó sì ń rù sí i, òun ni kí wọ́n wá. Kòkòrò méjì lè pàdé nínú ara kan nígbà tí CD4 bá lọ sílẹ̀ tó báyìí, wíwá èkejì lẹ́yìn tí a ti rí àkọ́kọ́ kì í ṣe àṣejù. Ní ti Listeria, tó ń wá láti inú wàrà tí wọn kò sè àti oúnjẹ tó pẹ́ nínú fìríìjì, gbólóhùn kan péré ni mo ní: ceftriaxone, abẹ́rẹ́ tí ilé ìwòsàn púpọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ibà tí wọn kò tíì mọ orísun rẹ̀, kò rí i pa, ampicillin ló ń pa á.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àbúrò yín. Oògùn oríṣi mẹ́ta fún oṣù mẹ́fà tí dókítà rẹ̀ sọ kò pọ̀jù, mo sì gbà pé ohun tó yẹ ni. Inú sẹ́ẹ̀lì ni kòkòrò yìí ń sá pamọ́ sí, nítorí náà ó yẹ kí oògùn tó lè wọnú sẹ́ẹ̀lì wà nínú wọn. Pẹnisílínì àti àwọn ìbátan rẹ̀ kò ṣeé gbára lé níbí, torí pé kòkòrò náà tètè ń di alágídí sí wọn. Abẹ́rẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó yí i sí èyí tó ń gbé mì. Bí ibà bá ti lọ, tó sì ti ń jẹun, á máa wù ú láti dá a dúró. Ìgbà yẹn gan-an ló léwu jù, nítorí pé ẹni tó bá dá a dúró nígbà tí ihò inú ẹ̀dọ̀fóró kò tíì jinná, padà ló máa padà, ó sì lè gba ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Bí orí bá ń fọ́ ọ gidi, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ tí kò bá ara mu, kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀ kíákíá.

Oògùn HIV ni ìdajì ìtọ́jú yìí, bóyá ó tilẹ̀ ju ìdajì lọ. Kí CD4 tó gbérí padà, oògùn apakòkòrò nìkan ló ń dá ìjà náà jà. Dókítà rẹ̀ ni yóò yan ọjọ́ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kó fúnra rẹ̀ mú èyí tó kù sílé kó máa lò ó, nítorí pé bí rifampicin bá wà nínú oògùn rẹ̀, ó máa ń dín agbára oògùn HIV púpọ̀ kù. Dolutegravir, fún àpẹẹrẹ, tí a ń lò ní 50 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, gbọ́dọ̀ di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó tún ṣeé ṣe kí ibà padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV, kí àwòrán àyà rẹ̀ sì burú sí i. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà ju bó ṣe yẹ lọ: àwọn ọmọ-ogun ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló ń bá òkú àti àjẹkù kòkòrò jà. Kí ẹ gbé e lọ rí dókítà, kí ẹ má sì dá oògùn kankan dúró. Ó yẹ kó máa lo cotrimoxazole pẹ̀lú, tó ń dènà àwọn àkóràn mìíràn tí CD4 bíi tirẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún.

Ẹ sọ pé ó dá oògùn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bá a jà. Ẹ bi í léèrè ohun tó fà á, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin. Mo ti rí ẹni tó dá a dúró nítorí pé oògùn náà kì í jẹ́ kó sùn, mo ti rí ẹni tí ìbànújẹ́ mú, mo ti rí ẹni tó rò pé ara òun ti yá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ojútùú, ṣùgbọ́n kò sí ojútùú fún ìdí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ní ti ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín: Rhodococcus kì í ti ara ènìyàn kan ran èkejì bí ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe ń ràn, a kì í sì í ya ẹni tó ní in sọ́tọ̀. Ẹ jọ jẹun, ẹ jọ jókòó, kí àwọn ọmọ máa dì mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. HIV náà kì í ràn nípa gbígbé pọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ rí i dájú ni pé wọ́n ti yẹ ikẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n sì ti sọ pé kò sí i pẹ̀lú. Títí wọn yóò fi sọ bẹ́ẹ̀, kó máa bo ẹnu bó bá ń wúkọ́, kí fèrèsé yàrá rẹ̀ sì máa wà ní ṣíṣí.

Ní àárín ìtọ́jú, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé bí ó bá ń gbọ̀n jìnnìjìnnì tí ara rẹ̀ sì gbóná, bó bá ń mí kíákíá, bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù, bí kò bá tọ̀ láti àárọ̀, tàbí bí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Ẹni tí CD4 rẹ̀ lọ sílẹ̀ lè ní kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí ara rẹ̀ má tilẹ̀ gbóná. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kí oògùn tuntun tó wọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dá kú tàbí tí èémí rẹ̀ ń já, kí wọ́n má fi wákàtí ṣòfò nítorí ìgò.

Ṣé ó máa lọ pátápátá? Ó lè lọ, mo sì ti rí àwọn tó lọ fún tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà kọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí àwòrán àyà rẹ̀ mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tún fà kò hu nǹkan kan, tí HIV kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, tí CD4 rẹ̀ sì ti kọjá 200 tó dúró síbẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ bi dókítà bóyá ó lè dá oògùn Rhodococcus dúró. Bí CD4 kò bá tíì débẹ̀, ó lè máa bá a lọ kọjá oṣù mẹ́fà, kò sì túmọ̀ sí pé ìtọ́jú náà ti kùnà. Ti HIV ni kò ní dúró.